Ẹ Má Ké sí Sójà: Ọ̀rọ̀ sí Àwọn Ọ̀dọ́ Ìwó

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Ìwó, láti ọdún 2020 tí sójà ti ń gbàjọba ní Mali, Guinea, Burkina Faso àti Niger, ni mo ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu yín pé, "Kí sójà kúkú wá gbà á." Ebi ló ń fọhùn lẹ́nu yín, mo mọ̀. Ọjà wọ́n, iṣẹ́ kò sí. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ ké sí sójà, kí ó kọ́kọ́ wọ mọ́tò Ìbàdàn, kí ó bi àwọn àgbà léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ nítòsí Lálúpọn, lójú ọ̀nà tí gbogbo wa ń gbà.

Lálẹ́ ọjọ́ 28 oṣù Keje ọdún 1966, àwọn sójà kéékèèké ní bárékè Abẹ́òkúta yìnbọn pa ọ̀gá wọn, Gabriel Okonweze. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ọ̀tẹ̀ náà ti dé Ìbàdàn àti Ìkẹjà. Olórí ìjọba, Aguiyi-Ironsi, ti wá bá àwọn ọba ṣèpàdé ní Ìbàdàn, ó sì wọ̀ sọ́dọ̀ gómìnà, Adékúnlé Fájuyì, ní Agodi. Ní ọjọ́ 29, àwọn sójà ọlọ̀tẹ̀ náà mú àwọn méjèèjì, wọ́n sì lọ pa wọ́n nínú igbó nítòsí Lálúpọn. Fájuyì kò jọ̀wọ́ àlejò rẹ̀. Bí Yorùbá ṣe ń sọ ọ́ láti ìgbà náà nìyẹn.

Ohun tó tẹ̀lé e ni kí ẹ wò dáadáa. Bùrìgédíà Babáfẹ́mi Ògúndípẹ̀ ló kàn lẹ́yìn Ironsi. Wọ́n ní nígbà tó pàṣẹ fún sójà kékeré kan, onítọ̀hún dá a lóhùn pé àfi bí kápútéènì òun bá dé. Ògúndípẹ̀ gba Lọ́ńdọ̀nù lọ, ó di aṣojú Nàìjíríà níbẹ̀. Bí sójà kékeré bá lè kọ ọ̀rọ̀ sí bùrìgédíà lẹ́nu, kí ni aráàlú tí kò níbọn fẹ́ wí tí yóò gbọ́? Kò pé ọdún kan tí ogun abẹ́lé fi bẹ̀rẹ̀.

Ẹnìkan lè ní ti ilẹ̀ Sàró yàtọ̀. Ní 1968, àwọn sájẹ́ǹtì ibẹ̀ ti àwọn ọ̀gá wọn mọ́lé, wọ́n sì gbé ìjọba fún Siaka Stevens tí aráàlú dìbò fún. Òótọ́ ni, mo sì yìn wọ́n. Ṣùgbọ́n sójà tún gbàjọba níbẹ̀ ní 1992 àti 1997. Ní Làìbéríà, Sájẹ́ǹtì Samuel Doe àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pa Ààrẹ Tolbert ní 1980. Kò ju ọjọ́ mẹ́wàá lọ tí wọ́n to àwọn ìjòyè ìjọba 13 sí etí òkun Monrovia, tí wọ́n yìnbọn pa wọ́n.

Ní tiwa ní Nàìjíríà, kò sẹ́ni tó jẹ́jọ́ ikú Fájuyì. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn sójà tó pa Akíntọ́lá, olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, àtàwọn mìíràn ní oṣù Kìíní ọdún 1966 kò dé kóòtù. Ẹ̀ṣẹ̀ oṣù Kìíní tí kò rí ìdájọ́ ló bí ti oṣù Keje.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin àáfà, ẹ̀yin pásítọ̀ Ìwó, ẹ jẹ́ kí a máa sọ ìtàn yìí fún àwọn ọmọ wa ní gbogbo ọjọ́ 29 oṣù Keje. Ìwé òfin 1999 kò fàyè gba kí ẹnikẹ́ni gbàjọba lọ́nà mìíràn yàtọ̀ sí èyí tó là sílẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ gba káàdì ìdìbò, kí ẹ sì bi káńsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù yín léèrè owó tó ń wọlé.