Ipasẹ̀ Ni, Kì í Ṣe Àrokò

Oko ẹ̀gẹ́ ni gàrí tí àwọn ará Ṣógúnlé ń rà lọ́jà ti wá. Ní 1972, wọ́n ṣe àkíyèsí pé àrùn bakitéríà tí í mú kí ewé ẹ̀gẹ́ rọ, tí í sì í pa ọ̀mùnú rẹ̀, ti wọ oko ilẹ̀ Nàìjíríà. Ibùdó ìwádìí IITA ní Ìbàdàn mú irú ẹ̀gẹ́ tí ó lè dènà rẹ̀ jáde, bí TMS 30572. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ṣógúnlé bá wá béèrè bí ewéko tí kò lójú, tí kò létí, ṣe ń mọ̀ pé ọ̀tá dé, ọ̀rọ̀ wo ni olùkọ́ yóò fi dá a lóhùn?

"Àrokò" lè tètè wá sẹ́nu olùtumọ̀. Ṣùgbọ́n àrokò ní ẹni tí ó fi í ránṣẹ́, ó sì ní ẹni tí wọ́n fi í ránṣẹ́ sí. Olè wo ni í pàrokò sí onílé pé òun ń bọ̀?

Ní 2000, Lourdes Gómez-Gómez àti Thomas Boller ní ilẹ̀ Switzerland ṣe àlàyé FLS2, purotéènì kan tí ó wà lára awọ sẹ́ẹ̀lì ewéko. Ohun tí ó ń dá mọ̀ ni flagellin, èròjà ìrù tí bakitéríà fi ń lúwẹ̀ẹ́. Bakitéríà kò fi ìrù yìí ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Ìrìn rẹ̀ ni ó ń rìn. Ipasẹ̀ olè ni ewéko rí. Lójú ẹsẹ̀, kálísíọ́ọ̀mù a ya wọ inú sẹ́ẹ̀lì, àwọn ihò tíńtìntín ara ewé a pa dé, ògiri sẹ́ẹ̀lì a sì nípọn sí i. Ìfura ni oògùn àgbà. Nítorí náà ni "olùfura" fi yẹ irú purotéènì bẹ́ẹ̀.

Ẹlòmíràn lè ní "àmì" ti tó. Kò tó. Ẹni tí ó bá kà pé ewéko rí àmì àrùn yóò rò pé àbàwọ́n ojú ewé ni wọ́n ń wí, bẹ́ẹ̀ ìgbà tí àrùn ti ṣe ọṣẹ́ tán ni àbàwọ́n í yọ.

Kí àrokò dúró fún àwọn èròjà tí àwọn bakitéríà ń tú jáde sí ara wọn láti mọ̀ bóyá wọ́n ti pọ̀ tó. Àwọn ewéko kan ń dá ìyẹn náà mọ̀; àrokò aládùúgbò ni wọ́n ń jí kà.

Bí olùkọ́ bá pe èkíní ní ipasẹ̀, tí ó pe èkejì ní àrokò, ìdajì ẹ̀kọ́ ti yé akẹ́kọ̀ọ́ kí àlàyé tó bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá pa méjèèjì pọ̀, àlàyé gígùn ni yóò máa fi tún ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ṣe.