Ẹ yéé ní ká yọ àmì kúrò lórí orúkọ fáìlì

Ẹ gbọ́ ná. Ọ̀rọ̀ yìí máa gùn díẹ̀ o.

Tẹ́ ẹ bá ti gbé fáìlì Yorùbá lọ sí káfé rí, láti Okokomaiko títí dé Iba, ẹ ti gbọ́ ọ: "Yọ àwọn àmì yẹn kúrò lórí orúkọ ẹ̀, kọ̀ǹpútà ò fẹ́ ẹ." Irọ́ ni jàre. Windows tó wà lórí laptop tí wọ́n ń tà ní Alaba gba ẹ, ọ, ṣ àti àmì ohùn dáadáa. Sọ́fíwíà tó ń gbé fáìlì náà kiri ló ń dà á rú.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan tí mo mọ̀ gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀ fún project ẹ̀. Ní káfé, wọ́n bá a yọ gbogbo àmì. Ògún, ogun àti ogún wá di ogun1, ogun2, ogun3. Ó ní láti jókòó tún gbogbo ẹ̀ gbọ́ kó tó mọ èyí tó jẹ́ ti òrìṣà, èyí tó jẹ́ ti ìjà, èyí tó jẹ́ ti ohun tí bàbá fi sílẹ̀. (Ẹ má tiẹ̀ jẹ́ ká débi Ojo. Òjò ni àbí ọjọ́? Àlejò lè rò pé ojo ni wá.)

Ibo gan-an ló ti ń bàjẹ́? Zip wà níbẹ̀. Ọdún 2006 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ohun tó ń sọ pé "UTF-8 ni orúkọ yìí" kún ìlànà zip. Sọ́fíwíà tí kò bá kà á sí á fi lẹ́tà ayé DOS kà á: ẹ fi "Ìwé" ránṣẹ́, "├îw├⌐" ló máa jáde.

Èyí tó le jù rèé. Nínú Unicode, ọ ní nọ́ńbà tiẹ̀. Ọ́ ò ní. Ẹ lè tẹ ọ kẹ́ ẹ fi àmì òkè lé e, ẹ sì lè tẹ ó kẹ́ ẹ fi àmì sí i nísàlẹ̀. Ojú rí ọ̀kan, kọ̀ǹpútà rí méjì. Fáìlì "Ọjọ́" méjì á jókòó sínú fódà kan, ẹ wá ọ̀kan, ẹ ò rí ìkejì. Ẹ wá wo ộ ti àwọn ará Vietnam, àmì lókè, àmì nísàlẹ̀, ó ní nọ́ńbà tiẹ̀! Unicode ò sì ní fi irú ẹ̀ kún un fún wa mọ́.

Ṣùgbọ́n àtúnṣe wà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ sọ́fíwíà, ìlà kan péré ni nínú Python: unicodedata.normalize. Ẹ sọ orúkọ méjèèjì di bákan náà kẹ́ ẹ tó fi wọ́n wéra. Mi ò ní kẹ́ ẹ gé àmì dànù o.

Tó bá jẹ́ pé aago méjìlá òru ni wọ́n máa ti ibi tẹ́ ẹ ti ń fi iṣẹ́ sílẹ̀, ẹ yọ àmì kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́, mi ò bá yín jà. Lọ́jọ́ kejì, ẹ kọ̀wé sí àwọn tó ṣe sọ́fíwíà náà.

Èwo ló ti ba orúkọ fáìlì tiyín jẹ́? Ẹ ju screenshot sísàlẹ̀.