Ẹni Tó Ní Orí Òun Ń Gbóná

Ìbéèrè 7 péré ló wà nínú GAD-7, ìwé tí wọ́n fi ń díwọ̀n àníyàn láti ọdún 2006. Aláìsàn fúnra rẹ̀ ni yóò sọ bí ọkàn rẹ̀ ti rí láti ọ̀sẹ̀ 2 sẹ́yìn. Máàkì 21 ló pọ̀ jù, bó bá sì ti dé 10, ó yẹ kí dókítà túbọ̀ yẹ ẹni náà wò. Mo fara mọ́ ọn. Nọ́ọ̀sì tí èrò kún iwájú rẹ̀ ní ìlú Ìrókò kò ráyè jókòó ti ẹnì kan fún wákàtí kan, láìsí irú ìwé bẹ́ẹ̀, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ oògùn ibà ni ẹni tí àyà rẹ̀ ń já yóò gbà lọ sílé. Ṣùgbọ́n lọ́dún 1960 ni dókítà Raymond Prince ti kọ̀wé nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà tí orí ń gbóná, tó ń ṣe wọ́n bíi pé nǹkan ń rìn nínú rẹ̀. Nígbà tó sì di 1982, Peter Ebigbo ní Enugu ṣe ìwé ìbéèrè tó gba irú ìráhùn bẹ́ẹ̀ wọlé. Kò sí orí gbígbóná nínú ìbéèrè 7 yẹn. Àwọn kan ní ká ṣáà túmọ̀ GAD-7 sí Yorùbá, ó parí. Kò parí o: ẹ ka ìdáhùn inú rẹ̀ tó sọ pé “ju ìdajì ọjọ́ lọ” fún àgbẹ̀, ohun tí yóò gbọ́ ni àárọ̀ títí kọjá ọ̀sán, kì í ṣe ọjọ́ 8 nínú 14. Òótọ́ ni pé ibà náà ń mú orí gbóná. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí nọ́ọ̀sì ka ìbéèrè náà sókè, kó yẹ ara wò, kó tó ka máàkì sí àìsàn.