Kí Ìwé Ajagun Má Di Oúnjẹ Ikán

Ìtàn ogun tó bá ti ẹnu ọ̀gá ológun nìkan wá, ààbọ̀ ìtàn ni. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó tó 90,000 lọ sí Íńdíà àti Bóòmà láti bá Japan jà. Ọmọ Nàìjíríà ló pọ̀ jù nínú wọn. Síbẹ̀, òyìnbó ọ̀gá wọn ló kọ èyí tó pọ̀ jù nínú àkọsílẹ̀ tó wà nípa wọn: odò tí wọ́n sọdá, òkè tí wọ́n gbà, iye ẹni tó kú. Ìwé àwọn ṣọ́jà fúnra wọn ṣọ̀wọ́n. Nígbà tí òpìtàn kò rí àdàn, òòbẹ̀ ló fi ń ṣẹbọ.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí ìwé ṣọ́jà kan lè ṣe, kó wo ti Isaac Fadoyebo, ọmọ Emure-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀. Ọmọ ọdún 16 ni nígbà tó wọṣẹ́ ológun ní 1942, wọ́n sì fi í sí ẹ̀ka tó ń tọ́jú àwọn tó fara gbọgbẹ́. Ní oṣù kẹta ọdún 1944, àwọn ọmọ ogun Japan ká wọn mọ́ etí odò Kaladan ní Bóòmà. Ọta ìbọn bà á lẹ́sẹ̀ àti níkùn. Kò lè dìde. Òun àti David Kargbo, ọmọ Sàró, ló kù nínú igbó yẹn. Ará abúlé kan tó jẹ́ Mùsùlùmí, Shuyiman, ló ń gbé oúnjẹ fún wọn, tó sì wá fi wọ́n pamọ́ sínú ilé ara rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀mí rẹ̀ àti ti ẹbí rẹ̀ ló fi wewu. Oṣù kejìlá ni ìgbàlà tó dé.

Kò sí ìwé ọ̀gá kankan tó lè ròyìn oṣù mẹ́sàn-án yìí, nítorí kò sí ọ̀gá kankan níbẹ̀. Fadoyebo ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́. Yunifásítì Wisconsin ní Amẹ́ríkà tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1999. Akọ̀ròyìn kan, Barnaby Phillips, kà á, ó wá bàbá náà kàn ní Nàìjíríà, ó sì gbé lẹ́tà ìdúpẹ́ rẹ̀ lọ sí Bóòmà, níbi tó ti bá ẹbí Shuyiman. Ní 2012 ni Fadoyebo kú. Ká ní kò kọ nǹkan kan sílẹ̀ ni, ọpẹ́ yẹn ì bá bá a wọlẹ̀.

Ṣùgbọ́n ṣọ́jà mélòó ló kọ ìtàn ara rẹ̀ sílẹ̀? Ti àwọn tó kù, ìwé owó oṣù, ìwé ìdásílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ogun, lẹ́tà àti fọ́tò ni, nínú àpótí tí ikán ń yọ́ jẹ. Ìbàdàn, Enugu àti Kaduna ní ilé ìpamọ́ àkọsílẹ̀ ìjọba àpapọ̀. Fáìlì ìjọba ló kún ibẹ̀ jù. Ó yẹ kí wọ́n ya àyè sọ́tọ̀ fún ti ṣọ́jà, kí wọ́n má sì dúró de ẹni tí yóò gbé e wá: kí òṣìṣẹ́ wọn máa lọ láti ìlú dé ìlú. Kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ àgbà ta ni ó wà nínú fọ́tò, ta ni ó bá ṣọ́jà tí kò mọ̀wé kọ lẹ́tà, torí ìwé tí a kò mọ orírun rẹ̀ kì í wúlò tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan yóò ní ọ̀rọ̀ ẹbí kò yẹ ní gbangba. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹbí lè fún ilé ìpamọ́ ní ẹ̀dà, kí ojúlówó wà nílé. Wọ́n sì lè ṣàdéhùn pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣí i títí di ọdún tí wọ́n bá dá.

Àwọn tó lọ sí Bóòmà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán láyé. Ẹbí tó bá ní ìwé wọn lọ́wọ́, kó má sun ún, kó má sì jẹ́ kó dé ọwọ́ alákàrà. Kó mú un lọ síbi tí ọmọ ọmọ yóò ti lè kà á.