Àwọn tó ń gba ìjọ nímọ̀ràn náà nílò ẹ̀kọ́



Lọ́jọ́ kan, ìyá kan wá ra oògùn oorun ní ṣọ́ọ̀bù mi. Ó ní láti ọjọ́ tí ọmọ òun ti kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀, bí òun bá ti dijú ni òun ń gbọ́ igbe rẹ̀. Ó ti kó ọ̀rọ̀ náà lọ bá wa ní mọ́ṣáláṣí. Ohun tí a sọ fún un ni pé kádàrá ni, kó yé sunkún. Kò padà wá mọ́. Bẹ́ẹ̀, Ànábì wa Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) sunkún nígbà tí ọmọ rẹ̀, Ibrahim, kú. Èmi àti ìyàwó mi la mú ìyá náà lọ rí dókítà.

Ẹni tó gbà á nímọ̀ràn kì í ṣe ìkà. A ò kọ́ ọ ni. Èmi apoògùn, bí mo ti gboyè yunifásítì tó, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ wa ṣì ń béèrè ẹ̀kọ́ àfikún lọ́wọ́ mi kí n tó lè tún ìwé àṣẹ mi gbà. Kí ló dé tí ẹni tó ń tọ́jú ọkàn ọmọlàkejì kò ní kọ́ ohunkóhun mọ́ lẹ́yìn tí a bá ti yàn án?

Ohun mẹ́ta ló yẹ kí wọ́n máa kọ́. Èkíní ni ọgbẹ́ ọkàn: bí a ṣe ń fetí sílẹ̀ láìfipá múni sọ̀rọ̀, àti bí a ṣe ń mọ ìgbà tó yẹ ká mú èèyàn lọ rí dókítà. Àdúà àti ìtọ́jú kì í bára wọn jà.

Èkejì ni ojú tí a fi ń wo àwọn akanda ẹ̀dá. Mo ti rí i tí a ń bá ìyá kan sọ̀rọ̀ nípa ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ adití, géńdé ọkùnrin, bíi pé kò sí níbẹ̀. Ẹ rántí Súrà Abasa: Ọlọ́hun tọ́ Ànábì sọ́nà lórí ọ̀rọ̀ Abdullahi ọmọ Ummu Maktum, ẹni tó fọ́jú. Ọkùnrin yìí kan náà wà lára àwọn tó ń pe ìrun ní Mẹ̀dínà.

Ẹ̀kẹta ni àárẹ̀ ọkàn tí iṣẹ́ ń dá síni lára. Lọ́dún 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣàlàyé pé wàhálà ibi iṣẹ́ tí a kò bójú tó ló ń fà á. Ẹni tó gbọ́ ẹkún ìdílé mẹ́fà lọ́sẹ̀ kan, tí kò rí ẹni gbà á sílẹ̀, á jágbe mọ́ ẹni keje. Mo mọ̀, torí ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí mọ́ṣáláṣí kọ̀ọ̀kan ya ọjọ́ méjì sọ́tọ̀ lọ́dún. Ká pe nọ́ọ̀sì tó mọ̀ nípa àìsàn ọpọlọ, ká sì pe akanda ẹ̀dá kan, kí wọ́n wá kọ́ wa. Kí àwọn olùgbani-nímọ̀ràn sì máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn. Owó rẹ̀ kò lè tó èyí tí a fi ń yá kánópì àti àga nígbà wòlímọ̀.

Kí ìyá mìíràn má bàa tún ti mọ́ṣáláṣí wa wá oògùn oorun lọ. Wa billahi tawfiq.