Ọmọ Aṣẹ́gità àti Ọmọ Onígìtá

Ẹ̀yin olùkọ́ wa àgbà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè kí n ro ẹjọ́ ara mi. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn mí ní ilé gbígbé wa kò ju ẹyọ kan lọ: wọ́n ní gìtá mẹ́rin ti pọ̀ jù fún akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣoṣo, pàápàá akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń kọ́ ẹ̀kọ́ Yorùbá. Ọ̀rẹ́ mi kan tilẹ̀ bi mí pé bí mo bá fẹ́ràn ohun èlò orin tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí n kò ra gángan? Mo bi òun náà pé gángan mélòó ni òun ní. Kò ní ọ̀kan. A jọ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi, nítorí mo mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ló ń rò bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin hàn yín. Owó tí mo rí nígbà tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé ní ìgbà ìsinmi ni mo fi ra èkíní. Okùn ọ̀rá ni ó ní, ohùn rẹ̀ sì tutù bí omi àmù. Okùn onírin ni ti èkejì. Ohùn tirẹ̀ mú ṣáṣá, ó sì bó mi lórí ìka títí ìka mi fi le. Ẹ̀kẹta ni gìtá oníná. Bí kò bá sí ẹ̀rọ amóhùnbúgbàmù, ńṣe ni ó máa ń dún bí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ nínú ilé ẹlòmíràn.

Ẹ̀kẹrin gan-an ni ọ̀rọ̀ wà lórí rẹ̀. Ti ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin ni. Kí wọ́n tó bí mi ni ó ti ń ta á níbi ìkómọjáde àti níbi òkú àgbà. Nígbà tí ó di olóògbé, àwọn ẹbí pín aṣọ, wọ́n pín àga, wọ́n pín rédíò. Ẹnikẹ́ni kò béèrè gìtá. Méjì ni ó ní. Wọ́n fi ọ̀kan dáná, wọ́n sì ju èkejì sí orí àjà. Kí n tó gbé e sọ̀kalẹ̀, ikán ti jẹ ẹ̀yìn rẹ̀, ọrùn rẹ̀ sì ti wọ́. Kò lè dún dáadáa mọ́. Ṣùgbọ́n ibi tí ìka bàbá náà máa ń tẹ̀ jù lọ ní ọrùn rẹ̀ ti jin wọnú. Bí mo bá gbé ìka mi lé ibẹ̀, mo máa ń mọ ibi tí ó fẹ́ràn láti dúró sí nínú orin. Kò sí àwòrán rẹ̀ kan tí ó sọ tó bẹ́ẹ̀ fún mi.

Njẹ́ àjèjì ni gìtá láàárín wa? Òótọ́ ni pé òkè òkun ni ó ti wá. Ṣùgbọ́n gòjé ńkọ́? Ọ̀dọ̀ àwọn Haúsá ni gòjé ti dé ọ̀dọ̀ wa. Síbẹ̀, ta ni yóò dìde pé Yusuf Ọlátúnjí, tí ó kú ní 1978, kì í ṣe olórin Yorùbá nítorí pé gòjé wà nínú sákárà rẹ̀? Kí gìtá tó gbilẹ̀, a ti ń ta mólo olókùn mẹ́ta. Nítorí náà, títa okùn kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bá wa. Alejò tí ó bá ìbátan rẹ̀ nílé kì í pẹ́ di ọmọ ilé.

Bánjò, tí í ṣe ìbátan gìtá, ni Túndé King fi kọrin jùjú ní Èkó láàárín 1930 sí 1940. Ní 1949 ni Àyìndé Bákàrè bẹ̀rẹ̀ sí í lo gìtá oníná nínú jùjú. Nígbà tí àwo orin King Sunny Adé tí ó ń jẹ́ Juju Music jáde ní 1982, gìtá àti gángan ni wọ́n jọ rìn dé Amẹ́ríkà àti Yúróòpù. Ẹ tẹ́tí sí jùjú gidi kí ẹ gbọ́: gángan yóò sọ̀rọ̀, gìtá yóò sì dá a lóhùn. Onígìtá tí ó gbọ́ èdè wa dáadáa a máa tẹ̀lé ohùn ìsàlẹ̀, ohùn àárín àti ohùn òkè bí onílù ti ń tẹ̀lé wọn. Igi ọ̀gànwó tí a mọ̀ nínú igbó wa pàápàá wà lára àwọn igi tí wọ́n fi ń kan gìtá lókè òkun. Kí ló wá kù nínú àjèjì rẹ̀?

Ṣùgbọ́n mo gbà pé ọ̀rẹ́ mi rí mi mú níbì kan. Gìtá mẹ́rin, ọwọ́ méjì. Okùn tí a kò bá ta yóò dípẹtà. Bí ọyẹ́ bá dé, igi gbígbẹ a máa là. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe ń fi aṣọ rírin sínú abọ́ ọṣẹ, tí mo sì ń gbé e sínú àpótí gìtá. Ṣùgbọ́n ta ni mo ń tọ́jú wọn fún? Bí mo bá kó wọn pamọ́ kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn wọ́n, orí àjà tuntun ni mo ṣe fún wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àjà tèmi kò ní ikán.

Nítorí náà, mo ti yọ̀ǹda èkíní àti èkejì fún ẹgbẹ́ wa. Ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ kọ́ gìtá lè yá wọn. Ẹ̀kẹrin kò ní jáde ní yàrá mi, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ wò ó lè wá.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí yín kò ju èyí lọ. Nígbà tí ẹ bá lọ sílé fún ìsinmi, ẹ béèrè ta ni ó ń ta gìtá, mólo tàbí agídìgbo nínú ilé yín. Bí ó bá wà láyé, ẹ fi fóònù gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì kọ orúkọ orin náà. Bí kò bá sí mọ́, ẹ wo orí àjà. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ má jẹ́ kí ọrùn gìtá wọ́ lójú yín. Bí ẹ ti ń fi ìlù àti ère ìbílẹ̀ pamọ́ fún ẹ̀kọ́, ẹ wá àyè fún gìtá àwọn àgbà olórin wa.

Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ohun tí a bá ní là ń náání. Ọmọ aṣẹ́gità a máa náání èèpo igi. Ẹ jẹ́ kí ọmọ onígìtá náà náání tirẹ̀. Ire o.