Kẹ́ ẹ tó lọ sọ nílé-ẹjọ́ pé apá yín ò ká gbèsè mọ́

Bàbá kan tó ń ta aṣọ lọ́jà Gbági, n'Ìbàdàn, ló pè mí jókòó láìpẹ́ yìí, tó bi mí léèrè ọ̀rọ̀ kan. Àbúrò rẹ̀ tó wà ní London ló sọ fún un lórí fóònù pé kó má wulẹ̀ pa ara rẹ̀ nítorí gbèsè. Ó ní òun náà jẹ gbèsè rí, òun kàn jókòó sídìí kọ̀ǹpútà lálẹ́ ọjọ́ kan, òun kọ orúkọ òun sílẹ̀, nígbà tí yóò fi pé ọdún kan, gbèsè ti di àwátì. Bàbá yìí wá ń wò mí lójú: "Ọmọ mi, ẹ̀yin oníwèé-ìròyìn lẹ mọ ibi tí nǹkan wà. Ibo ni wọ́n ti ń ṣe é níbí?"

Gbèsè ọ̀hún ò kéré lóòótọ́. Ó jẹ ọ̀gá tó ń kó aṣọ fún un ní Balógun l'Ékòó, ó jẹ báǹkì microfinance kan, ó jẹ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó wà, àjọ tó kó ṣáájú náà kò tíì dá a tán. Mo ní ká kọ́kọ́ mumi ná. Ohun tí mo wá sọ fún un ni mo fẹ́ sọ fún gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣòwò kéékèèké, torí mo mọ̀ pé kì í ṣe òun nìkan ló ń ro irú rẹ̀.

Àbúrò rẹ̀ ò parọ́. Ní England àti Wales, ẹni tí gbèsè bò mọ́lẹ̀ lè kọ ìwé náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Yóò san pọ́n-ùn 680, òṣìṣẹ́ ìjọba kan ni yóò yẹ ìwé náà wò, kì í ṣe adájọ́, lọ́pọ̀ ìgbà ni wọ́n sì máa ń tú u sílẹ̀ lẹ́yìn oṣù 12. Ẹni tí kò ní dúkìá tó ṣe gúnmọ́, tí gbèsè rẹ̀ kò ju pọ́n-ùn 50,000 lọ, tún ní ọ̀nà mìíràn, èyí tí wọn kò gba kọ́bọ̀ lé lórí mọ́ láti oṣù kẹrin ọdún 2024. Ilé onígbèsè ṣì lè bá a lọ o, ẹni tó bá sì ń rò pé ọ̀fẹ́ ni gbogbo rẹ̀ kò tíì bi àwọn tó ṣe é dáadáa. Ṣùgbọ́n ohun tí òfin wọn ń lé ni pé kí oníṣòwò tó ṣubú lè dìde padà.

Tiwa ò rí bẹ́ẹ̀. Òfin tó dá lórí bankruptcy, ìyẹn kíkéde pé èèyàn kò lè san gbèsè mọ́, ọdún 1979 ni wọ́n ṣe é ní Nàìjíríà, wọ́n sì fọwọ́ kàn án díẹ̀ lọ́dún 1992. Orí òfin àtijọ́ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe lọ́dún 1914 ni wọ́n gbé e lé. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn ti pa ti 1914 yẹn tì láti 1986, àwa la ṣì ń gbé ọmọ rẹ̀ pọ̀n. Ilé-ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ nìkan ló ń gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Kóòtù ìbílẹ̀ àti májísíréètì ò lè gbọ́ ọ. Iye gbèsè tó sì kéré jù tí olówó lè tìtorí rẹ̀ gbé èèyàn lọ síbẹ̀ ni ₦2,000. Ẹ gbọ́ mi dáadáa, ẹgbẹ̀rún méjì náírà. Owó tí kò lè ra jálá epo bẹntiróòlù kan lónìí.

Èyí ló fi hàn pé olówó ni òfin yìí ń ṣiṣẹ́ fún jù, kì í ṣe onígbèsè. Bí olówó bá ti gba ìdájọ́ lórí gbèsè náà, tó fi ìwé ìkìlọ̀ ránṣẹ́ síi yín, tí ọjọ́ tí ìwé náà dá sì kọjá lọ láìjẹ́ pé ẹ san án, ó ti ní ohun tó lè gbé lọ síwájú adájọ́. Àní bí ẹ bá sá kúrò nílé nítorí kí àwọn olówó má baà rí yín, sísá yẹn gan-an wà lára ohun tí òfin kà sí àmì pé apá yín ò ká gbèsè mọ́. Àwọn tó ń palẹ̀ mọ́ lóru lọ sí Kùtọnù kò mọ̀ pé àwọn ló ń bá olówó kọ ìwé ẹ̀sùn.

Onígbèsè fúnra rẹ̀ náà lè gbé ìwé lọ, òfin fàyè gba ìyẹn. Àmọ́ bó bá ti gbé e lọ, kò lè fà á padà bó ṣe wù ú, àfi tí ilé-ẹjọ́ bá gbà. Láti ìgbà yẹn, òṣìṣẹ́ tí òfin yàn ni yóò máa tọ́jú dúkìá rẹ̀. Ọjà tó wà ní ṣọ́ọ̀bù, ọkọ̀ akẹ́rù, ilẹ̀ àti ilé tó wà lórúkọ rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló wọ̀ ọ́. Ohun tí wọ́n máa fi sílẹ̀ fún un ni irinṣẹ́ tó fi ń ṣiṣẹ́, aṣọ ọrùn rẹ̀ àti ibùsùn tòun tìyàwó tọmọ, ìyẹn náà ò sì gbọdọ̀ ju iye kékeré tí òfin là kalẹ̀ lọ. Owó ẹlòmíì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò sí lára ohun tí wọ́n máa pín. Alájọ tó jẹ gbèsè tara rẹ̀, owó àwọn tó ń dájọ́ kì í ṣe owó tiẹ̀. Bákan náà ni ilẹ̀ ẹbí kì í ṣe ilẹ̀ ẹnì kan.

Wọ́n á kó àwọn olówó jọ, wọ́n á sì mú onígbèsè wá sí gbangba kóòtù, kó wá ṣàlàyé bí owó ṣe rìn. Orúkọ rẹ̀ á jáde nínú ìwé ìkéde ìjọba àti nínú ìwé ìròyìn. Èmi mọ irú èèyàn tí a jẹ́. Ikú yá ju ẹ̀sín ni wọ́n fi tọ́ wa dàgbà, ẹni tó sì ń sá fún ariwo olówó méjì lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ ló tún fẹ́ fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ síbi tí wọ́n á ti ka gbèsè rẹ̀ sétí gbogbo ayé.

Ibi tó le jù lọ rèé: kò sí oṣù 12 tí gbèsè á fi lọ fúnra rẹ̀. Onígbèsè ló máa padà lọ bẹ ilé-ẹjọ́ pé kó tú òun sílẹ̀, ilé-ẹjọ́ yóò sì wo ìwà rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan lára ohun tí adájọ́ lè wò ni bóyá ó ní ìwé ìṣirò tó ń kọ ohun tó rà àti ohun tó tà sí. Mélòó nínú wa lọ́jà ló ní in? Títí wọ́n á fi tú u sílẹ̀, kò lè jẹ́ olùdarí ilé-iṣẹ́ tó ní Limited, kò lè dupò káńsílọ̀, kò lè lọ sílé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ẹ lè ní ẹ̀yin ò bá òṣèlú lọ. Ó dáa. Ṣùgbọ́n bó bá gba ọjà àwìn tó ju iye tí òfin sọ lọ láìjẹ́ kí ẹni tó fún un mọ ipò tó wà, ó ti dẹ́ṣẹ̀ sófin. Ní irú ọjà tiwa yìí, níbi tí wọ́n ti ń gbé báńdù aṣọ fúnni lónìí, tá a ó wá san lọ́jọ́ ọjà mìíràn, ẹni tí kò lè ráwìn ti kúrò lọ́jà nìyẹn.

Bàbá Gbági fẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lórí ilẹ̀ rẹ̀ kan ní Ọlọ́dó. Ó ní ṣé òun ò lè kọ́kọ́ fi sórúkọ ọmọ òun obìnrin kóun tó lọ? Mo ní kó má dán an wò. Dúkìá téèyàn fi tọrẹ nígbà tí gbèsè ti wà lọ́rùn, ilé-ẹjọ́ lè dá a padà sínú ohun tí wọ́n máa pín. Bákan náà ni bó bá san ti àna rẹ̀ tán pátá tó fi àwọn tó kù sílẹ̀, nígbà tó mọ̀ pé òun ò ní lè san ti gbogbo wọn, wọ́n lè gba owó yẹn padà lọ́wọ́ àna. Gbèsè tí èèyàn sì fi jìbìtì jẹ kì í bá ìtúsílẹ̀ lọ. Báǹkì tó di ìwé ilé mú náà kì í bá àwọn yòókù tò, ilé tó dì mú ló máa mú.

Ohun tó pa bàbá yẹn lẹ́nu mọ́ ni ọ̀rọ̀ onídùúró. Ẹni méjì ló dúró fún un lẹ́gbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ọ̀kan jẹ́ tíṣà, èkejì ni àbúrò ìyá rẹ̀. Bí ilé-ẹjọ́ bá tiẹ̀ tú bàbá sílẹ̀ lónìí, kò tú onídùúró sílẹ̀. Orí owó oṣù tíṣà ni ẹgbẹ́ á gùn. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní, "Ọmọ mi, ìyẹn ò dáa."

Àwọn kan máa ń sọ pé àwọn ti forúkọ okòwò àwọn sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, nítorí náà okòwò ló jẹ gbèsè, kì í ṣe àwọn. Bó bá jẹ́ orúkọ okòwò lásán, irú èyí tó ń parí sí Enterprises tàbí Ventures, ẹ̀yin àti okòwò yín, ara kan náà ni lójú òfin. Ilé-iṣẹ́ Limited ló yàtọ̀ sí ẹni tó ni ín, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ti fọwọ́ síwèé ní báǹkì pé ẹ̀yin fúnra yín dúró fún ilé-iṣẹ́ náà, gbèsè ti wọlé tọ̀ yín wá.

Ẹ tún fi etí sílẹ̀ lórí ọlọ́pàá. Òfin ọlọ́pàá ti ọdún 2020 sọ pé wọn kò gbọdọ̀ mú ènìyàn torí gbèsè tàbí àdéhùn tó yẹ̀ lásán. Àwọn olówó ṣì ń lọ gbé ọlọ́pàá, kálukú ló sì rí i, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé òfin wà lẹ́yìn yín. Èyí tí kò sí lẹ́yìn yín ni sọ̀wédowó tí owó ò sí nídìí rẹ̀. Òfin ọdún 1977 sọ ọ́ di ẹ̀wọ̀n ọdún méjì láìsí owó ìtanràn. Nítorí náà, bí olówó bá fi dandan lé e pé kẹ́ ẹ kọ sọ̀wédowó fóun kí ọkàn òun lè balẹ̀, ẹ má kọ ọ́ bẹ́ ẹ bá mọ̀ pé owó ò ní sí níbẹ̀. Gbèsè lásán lẹ jẹ tẹ́lẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ ló máa dà. Kíkó owó láti báǹkì kan sí òmíràn náà ò ran nǹkan mọ́, láti oṣù kẹjọ ọdún 2020 ni báǹkì àgbà ti fún àwọn báǹkì láṣẹ láti tẹ̀ lé BVN mú owó tí a yá nínú àpò owó yòówù téèyàn ní níbòmíràn.

Kí ni kẹ́ni tó wà nínú rẹ̀ wá ṣe? Lójú tèmi, kó pe àwọn olówó fúnra rẹ̀ kí wọ́n tó pè é. Láyé àtijọ́, ológò ni olówó máa ń rán wá síwájú ilé onígbèsè, á jókòó tì í, á máa da ilé rú títí wọ́n á fi sanwó. Àwọn Òṣómàáló tó ń ta aṣọ kiri, orúkọ wọn gan-an ń sọ pé wọ́n á lóṣòó gbowó wọn. Ohun tí gbogbo wọn ń wá ni owó, kò sí èyí tó jẹ gbangba kóòtù ló ń wù ú. Kẹ́ ẹ kọ gbogbo gbèsè sínú ìwé kan, kẹ́ ẹ kọ ohun tó ń wọlé lọ́sẹ̀, kẹ́ ẹ fi hàn wọ́n pa pọ̀, kẹ́ ẹ sọ iye tẹ́ ẹ lè san, kí wọ́n fọwọ́ sí i níṣojú ẹlẹ́rìí. Ẹ má ṣèlérí ju agbára lọ níbẹ̀, torí àdéhùn tó bá yẹ̀ lóṣù kejì burú ju èyí tí a kò ṣe rárá. L'Ékòó, ilé ìlàjà tí ìjọba dá sílẹ̀ fún aráàlú, ìyẹn Citizens' Mediation Centre, máa ń báni parí irú rẹ̀ láìgbowó. Kẹ́ ẹ sì tètè ṣe é, torí láti ọdún 2018 ni kóòtù wà l'Ékòó tí wọ́n dá sílẹ̀ fún gbèsè tí kò ju mílíọ̀nù márùn-ún náírà lọ, ọgọ́ta ọjọ́ sì ni wọ́n ní kí ẹjọ́ má kọjá.

Ẹ̀bi ò sì gbọdọ̀ jẹ́ ti onígbèsè nìkan. Lọ́dún 2020 tí wọ́n tún òfin ilé-iṣẹ́ ṣe, wọ́n fún àwọn tó ní Limited ní ọ̀nà tí wọ́n fi lè bá olówó wọn dúnàádúrà, kí ilé-iṣẹ́ wọn má baà kú. Àwọn ọlọ́rọ̀ rí àkàbà gùn. Ẹni tó ń ta aṣọ ní Gbági lórúkọ ara rẹ̀, ti 1979 ni wọ́n ní kó máa lò. Àwọn aṣojú wa l'Ábújá tó ń wá sọ́jà wa ní gbogbo ìgbà ìdìbò, ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí ₦2,000 ń wá nínú òfin yẹn, kẹ́ ẹ sì bi wọ́n ìdí tí kò fi sí ọjọ́ kan tí a dá tí oníṣòwò tó ṣe òótọ́ máa bọ́ lọ́wọ́ gbèsè.

Bàbá pè mí ní àná. Ó ti rí alága alájẹṣẹ́kù, wọ́n ti sún ọjọ́ fún un. Ó ní bílẹ̀ bá mọ́ lọ́jọ́ Ajé, òun á wọkọ̀ lọ bá ọ̀gá tó wà ní Balógun, òun á mú ìwé tí a jọ kọ dání. Kò tíì sọ fún àbúrò rẹ̀ ní London.